Ọjọ́ Mẹ́rin Tó Kù Kí N Tó Padà Sílé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi ní Iléṣà àti níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé. Ẹ kú ojúmọ́ ire. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28, ẹsẹ 1 dé 10, ni ibi kíkà wa lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ariwo ọ̀kadà tó gba ìgboro.

Ọkọ̀ fọ́ lójú òkun. Èèyàn 276 ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan kò sì kú. Wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mélítà nínú òjò àti òtútù, àwọn ará ibẹ̀ sì dáná fún wọn. Pọ́ọ̀lù, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń mú lọ sí Róòmù, òun náà ń ṣa igi ìdáná. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ti dá bàbá Púbílíù, olórí erékùṣù náà, dùbúlẹ̀. Pọ́ọ̀lù gbàdúrà, ó gbé ọwọ́ lé e, ara rẹ̀ dá, ni àwọn aláìsàn yòókù bá ń wọ́ wá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ wá kíyè sí i pé ẹni tó kọ ìtàn náà ń sọ pé "àwa". Lúùkù ni, oníṣègùn sì ni. Dókítà kan wà ní erékùṣù yẹn fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò kọ ohun kan nípa ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí kò gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe bu ọlá fún wọn tí wọ́n sì di ohun tí wọ́n nílò sínú ọkọ̀ fún wọn.

Ìtàn òkun àti ìwòsàn kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ Ọbòkun ni wọ́n ń kì wá. Àwọn baba wa ní Ajíbógun ló gbéra láti Ilé-Ifẹ̀ lọ bu omi òkun tí wọ́n fi wo ojú Odùduwà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibi tó ti ń lọ ló máa ń dùn mọ́ mi. Ní báyìí, ibi tó ti gbé omi náà dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ ni mo máa ń rò.

Jàmáíkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi. Ọdún méjì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ lábẹ́ Technical Aid Corps, ètò tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn lọ ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ọmọ bíbí Iléṣà ni mínísítà tó gbé ètò náà kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, mo sì máa ń fi yangàn lọ́hùn-ún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n wọ bàálù, àmọ́ ọkàn mi ti ṣáájú mi dé Iléṣà. Mo ti di ẹrù. Iyán ni mò ń rí lójú oorun. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyá kékeré kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìtọ́jú kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí òkè, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. Ọmọ ọdún méjì ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, oògùn ni wọ́n wá gbà. Mo bi ìyá náà bóyá wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ ikùn ọmọ wò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo ní ó dàbọ̀. Mo fẹ́ tètè dé ọjà lọ ra ẹ̀bùn.

Ìbéèrè yẹn kò kéré rárá. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣàdédé ya lọ sínú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Á wú láàárín wákàtí díẹ̀, ojú ọmọ á funfun, ara rẹ̀ á rọ. Bí wọn kò bá tètè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó lè gbabẹ̀ lọ. Láti 1973 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìkókó wò ní ilé ìwòsàn Victoria Jubilee, ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn tẹ ikùn ọmọ nílé, kí wọ́n lè mọ̀ kíá tó bá wú. Ikú tó ń ti ibẹ̀ pa àwọn ọmọ dín kù gidigidi. Ọwọ́ ìyá ló ṣe é.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ará Iléṣà ju ẹnikẹ́ni lọ. Láàárín 1956 sí 1961, David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Wesley Guild níbí, ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmèsí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan tí ìyá fi lè rí i bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń gbẹ, ó sì ní kí ìyá máa gbé e lọ sílé, kó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dókítà náà padà sí ìlú rẹ̀. Káàdì náà rìn ká ayé.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì ní ó dàbọ̀ fún ìyá yẹn. Lálẹ́, oorun kò kùn mí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dún lọ́kàn mi: o bi í, ó dá ọ lóhùn, ṣé o rí ọwọ́ rẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́, mo gun òkè lọ sí ilé wọn. Mo ní kó fi hàn mí. Ó gbé ọwọ́ lé ìhà ọ̀tún.

Mo lóṣòó níbẹ̀. Ẹ mọ òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ní òwúrọ̀ yẹn, èmi ni mo jẹ gbèsè, èmi náà ni mo lóṣòó. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ sí ìhà òsì, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi wá ọ̀nà mọ́. Mo pe ìyá rẹ̀ àgbà. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Iṣin ni ìyá àgbà ń tọ́jú láti sè. Iṣin wa yìí ni o. Ackee ni wọ́n ń pè é, òun sì ni èso orílẹ̀-èdè wọn. Ó ń kìlọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn pé kò gbọdọ̀ ká èyí tí kò tíì là fúnra rẹ̀, nítorí májèlé ni. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi lábẹ́ igi iṣin lẹ́yìnkùlé wa gan-an nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó kọjá òkun láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ráyè di ẹrù, síbẹ̀ ìkìlọ̀ yẹn kò sọnù. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ti lé ní igba ọdún.

Mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, wọ́n ti dúró sí etí títì dè mí, wọ́n di breadfruit sísun lé mi lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní, "Walk good, Nurse." Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹsẹ̀ á rìn ire nìyẹn. Mo rántí Lúùkù.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìyá ọmọ náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Aládùúgbò rẹ̀ bímọ, àyẹ̀wò ní SS ni. Ó ní òun ti lọ bá a, òun sì ti mú ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tó yẹ.

Ìwọ tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí o parí àgùnbánirọ̀, ìwọ nọ́ọ̀sì tí físà rẹ ti jáde tí oṣù kan ṣì kù fún ọ ní wọ́ọ̀dù, mi ò bá ọ wí. Máa lọ, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà. Àmọ́ jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kí ọkàn rẹ lọ kí ẹsẹ̀ rẹ tó lọ. Ẹni kan wà lọ́dọ̀ rẹ tó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìhà ọ̀tún. Lọ wò ó lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ fún òwúrọ̀ yìí. A dúpẹ́ fún gbogbo ọwọ́ tó kọ́ wa ní ohun tí a mọ̀, tí àwọn tó ni ọwọ́ náà ti lọ.

Olúwa, dárí ìkánjú wa jì wá. Gbogbo ibi tí a ti fa ìlà sí ìwé tí iṣẹ́ kò parí, fún wa láyè àti okun láti padà síbẹ̀ kí ọjọ́ wa níbẹ̀ tó pé.

Gbogbo àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú àjèjì, tí ọjọ́ wọn ti ń tán lọ, má ṣe jẹ́ kí ọkàn wọn sá. Bò wọ́n lójú òfuurufú àti lójú omi. Kí wọ́n bá àwọn ará ilé wọn láyọ̀, láìku ẹnì kan.

Olúwa, rántí àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS ní Iléṣà àti ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Lóru tí ara wọn bá yí padà, jí ìyá wọn. Kí mọ́tò wà. Kí ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, kí ẹni tó máa fà á sí wọn lára wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣọ́ erékùṣù yẹn nígbà ìjì, Bàbá. Ṣọ́ ilé orí òkè yẹn, ìyá àgbà, ọmọ náà, àti ọmọ tuntun aládùúgbò wọn. Ní orúkọ Jésù ni a gbàdúrà. Àmín.