Kí ni ìránṣẹ́ yín mọ̀? Bí a ṣe ń yan áàpù tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fóònù yìí. Ti ìyá mi ni. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń lò ó. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àjọ tí wọ́n ń gbà wà. Nọ́ńbà àkáǹtì àwọn oníbàárà wọn wà níbẹ̀, èsì àyẹ̀wò tí dókítà fi ránṣẹ́ sí wọn wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn àti àbúrò wọn sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé dá wàhálà sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí ni password Gmail yín?" Wọ́n ní, "Ọmọ tó ta fóònù fún mi ló bá mi ṣí i. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti kọ ọ́ sínú ìwé òun."

Àyà mi já.

Mi ò sọ pé olè ni ọmọ náà. Bóyá ó tiẹ̀ ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, WhatsApp ìyá mi ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọn lọ pamọ́ sínú Google Drive tó so mọ́ Gmail yẹn. Àgádágodo tó wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú lágbára gan-an, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà nínú ìwé ẹni tí ìyá mi ò lè dá mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá pàdé lọ́jà.

Ẹ máa ń bi mí pé, áàpù wo ló láàbò jù? Màá dárúkọ wọn, màá sì sọ èyí tí mo fara mọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ẹni tó ń bá yín gbé ọ̀rọ̀ lọ, kí ló mọ̀?

Ìbéèrè yẹn ti wà kí fóònù tó dé ilẹ̀ yìí. Ẹ rántí àrokò. Bí ọ̀dọ́kùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú, ẹ̀fà yẹn ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bí onítọ̀hún bá so mẹ́jọ padà, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ìránṣẹ́ tó gbé owó ẹyọ yìí kọjá odò kò ní láti mọ ohun tó ń gbé. Lóòótọ́, ẹni tó bá gbọ́ àrokò lè túmọ̀ rẹ̀ bó bá já a gbà lójú ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ti fóònù ti yàtọ̀.

Ohun tí fóònù yín ń pè ní end-to-end encrypted, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí ẹ bá fi áàpù náà sórí fóònù, fóònù yín á rọ àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgádágodo ló máa ń pín fún àwọn èèyàn, ní ṣíṣí sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò nínú fóònù yín. Bí mo bá fẹ́ ránṣẹ́ sí yín, màá mú ọ̀kan nínú àgádágodo yín, màá fi ti àpótí ọ̀rọ̀ mi pa. Ilé iṣẹ́ tó ni áàpù á gbé àpótí náà dé ọ̀dọ̀ yín, wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe ń lọ, fóònù méjèèjì á máa fi kọ́kọ́rọ́ tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jí ti òní kò lè fi ka ti àná. Moxie Marlinspike àti Trevor Perrin ló ṣe ìlànà yìí fún áàpù tó ń jẹ́ Signal. Gbogbo ayé ló lè wo bí wọ́n ṣe rọ àgádágodo náà, síbẹ̀ mímọ̀ tí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe rọ ọ́ kò ní kó lè ṣí i.

SMS kò ní àgádágodo kankan. Ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kà á, ẹni tó bá sì rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀rọ wọn náà lè kà á. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn kan tí Amẹ́ríkà ní Ṣáínà ló rán wọn ti wọ inú ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ńlá níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ló ní kí aráàlú máa lo áàpù tó ní àgádágodo yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìránṣẹ́ wa, torí òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Kò mọ ohun tó wà nínú àrokò, àmọ́ ó mọ ilé tó ti gbé e, ó mọ ilé tó gbé e lọ. Ó mọ̀ pé òru ni. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa rán òun lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Bí mo bá pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì, tí mo wá pe ìyàwó mi, tí mo sì pe lọ́yà kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣé ó dìgbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé mi?

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fọwọ́ kan náà mú WhatsApp àti Signal, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgádágodo kan náà ni wọ́n ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni, kan náà. Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp parí fífi ìlànà Signal sórí gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Facebook ń ka chat yín lójú ọ̀nà, kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2014 ni WhatsApp ti di ti Facebook, tó ń jẹ́ Meta báyìí, ìpolówó ọjà sì ni Meta fi ń jẹun. Ìránṣẹ́ yìí mọ nọ́ńbà yín, ó mọ àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín bí ẹ bá gbà á láyè, ó mọ orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà, ó mọ ìgbà tí ẹ wọlé àti irú fóònù tí ẹ ń lò. Nílẹ̀ wa níbí, lóṣù Keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ọwọ́ tí wọ́n fi mú dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń lo WhatsApp. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì fi òǹtẹ̀ lu ìtanràn yìí lóṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ẹ wá wo Signal. Ní ọdún 2016 kan náà, ìwé àṣẹ wá bá wọn láti ilé ẹjọ́ ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹnì kan tó ń lo áàpù wọn wá. Nǹkan méjì péré ni wọ́n rí kó kalẹ̀: ìgbà tí ẹni náà forúkọ sílẹ̀, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. Wọn ò bá ilé ẹjọ́ ṣorí kunkun. Wọn ò ní ìyókù ni. Ìránṣẹ́ tó ti gbàgbé ilé tó ti ń bọ̀, kí lẹ máa nà án sí?

Owó tí àwọn èèyàn fi ń ta Signal lọ́rẹ ló ń gbé e ró. Brian Acton, tó wà lára àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀, kúrò níbẹ̀ ní 2017, ó sì fi 50 mílíọ̀nù dọ́là dá àjọ Signal sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ lè lo orúkọ dípò nọ́ńbà yín níbẹ̀. Ẹ ṣì máa fi nọ́ńbà forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ kò ní rí i. Ẹ̀yin obìnrin tó ń tajà lórí ayélujára, tí àlejò ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ yín tó wá ń pè yín láàárín òru, ẹ mọ ohun tí ìyẹn tọ́ sí.

Telegram wá ńkọ́? Mo ní láti la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé òun ló láṣìírí jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Chat tí ẹ̀ ń ṣe lórí Telegram lójoojúmọ́ kò ní àgádágodo láti ọwọ́ yín dé ọwọ́ ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀rọ Telegram ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní secret chat, èèyàn méjì péré ló sì lè lò ó. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, bó ṣe èèyàn márùn-ún, bó ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò ní in. Nígbà tí wọ́n mú Pavel Durov, tó ni Telegram, ní ilẹ̀ Faransé lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, kò pé oṣù kan tí Telegram fi kéde pé bí àṣẹ tó bófin mu bá dé, àwọn máa fún ìjọba ní nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí ayélujára fi ń dá fóònù mọ̀) àwọn tó bá rú òfin àwọn. Ẹ máa fi gba ìròyìn, ẹ máa fi wo fídíò. Ẹ má fi sọ ọ̀rọ̀ ilé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iPhone, láti iPhone sí iPhone, iMessage ní àgádágodo tó dára. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ SMS lásán. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Britain, ti yín tún ní ìṣòro kan lọ́tọ̀. Lóṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ béèrè fún ọ̀nà tí wọ́n fi lè wọlé, Apple yọ ohun tó ń jẹ́ Advanced Data Protection, tó ń fi àgádágodo yìí ti ohun tí ẹ kó sínú iCloud (ibi ìpamọ́ Apple lórí ayélujára), kúrò fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tàn án. Backup (ẹ̀dà ìpamọ́) iMessage yín tó ń sùn sínú iCloud, Apple lè ṣí i bí òfin bá ní kó ṣí i.

Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin: níbo ni ọ̀rọ̀ yín ń sùn? Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Chats, ẹ wọ Chat backup. Ẹ máa rí End-to-end encrypted backup nísàlẹ̀. Láti 2021 ló ti wà níbẹ̀, pípa ló sì wà títí ẹ ó fi fúnra yín tàn án. Ẹ ó yan password. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ yín sí, nítorí bó bá sọnù, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i, àti Google àti WhatsApp. Signal ní tiẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ yín kúrò lórí fóònù àyàfi tí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá yàn? Signal ni mo fara mọ́. Mo sì mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Àwọn èèyàn mi ò sí níbẹ̀." Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ yín ò ní kó lọ, ẹgbẹ́ ìjọ ò ní kó lọ, àwọn oníbàárà ò ní kó lọ. Ẹ fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ẹ mú èèyàn mẹ́ta tí ẹ máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún, kí ẹ̀yin mẹ́rin bọ́ sórí Signal. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́. Ìyókù ń lọ lórí WhatsApp bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, GBWhatsApp àti gbogbo àwọn WhatsApp tí kì í ṣe ojúlówó tó jọ ọ́, ẹ yọ wọ́n lónìí. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ ló tún un ṣe, ẹ ò sì mọ ohun tó fi síbẹ̀.

Àgádágodo ò sì lè gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ìjòyè ìjọba Amẹ́ríkà ń jíròrò ogun Yemen lórí Signal, wọ́n sì ṣèèṣì fi akọ̀ròyìn kan sínú ẹgbẹ́ náà. Àgádágodo ò já. Àwọn fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Bákan náà ni kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tí ẹnì kan máa ní òun ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí yín. Kóòdù WhatsApp yín ni. Bí ẹ bá fún un, ó ti gba àkáǹtì yín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín. Ẹ tan Two-step verification, ẹ fi PIN sí i, ímeèlì tó bá sì wà lẹ́yìn PIN náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin nìkan mọ password rẹ̀.

Ti ìyá mi, báyìí la ṣe é. A pààrọ̀ password Gmail yẹn lákọ̀ọ́kọ́, a sì lé gbogbo fóònù tí a ò mọ̀ jáde nínú rẹ̀. A tan ààbò backup, wọ́n kọ password rẹ̀ sẹ́yìn ìwé àjọ wọn. Lẹ́yìn náà ni a gbé Signal wọlé, wọ́n sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham.

Ẹ wo ibí yìí. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lókè, ẹ máa rí safety number. Lórí WhatsApp, Encryption ni wọ́n pè é. Nọ́ńbà ọgọ́ta ni, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjìlá, márùn-ún márùn-ún. Èyí tó wà lórí fóònù yín àti èyí tó wà lórí ti ẹnì kejì gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Bó bá yàtọ̀, ẹlòmíràn lè ti wọ àárín yín. Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí láìnì lásán, Màmá fi ìgò ojú wọn sójú, wọ́n sì ń kà á bí ẹni tó ń ka owó ọjà. "Ẹ̀fà, ẹ̀jọ, òdo, èjì, ẹ̀fà." Wọ́n á dúró. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ máa bá a lọ, mà." Ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ka ìkejìlá tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó bára mu, Màmá."

Màmá yọ ìgò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ ti ilẹ̀ yẹn fún ẹ."