Bá a ṣe ń wo ìmọ́lẹ̀ plásímà nínú páálí kọ́nfíléèkì

Ẹ káàsán o, Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété la wà, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá torí iná ò ní pẹ́ lọ. Plásímà ni gáàsì tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tín-ín-rín ara átọ́ọ̀mù, ti já kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù ẹ̀, irú ẹ̀ ló wà nínú gílóòbù tá a fẹ́ wò.

Páálí kọ́nfíléèkì, sídì àlòkù, bíléèdì méjì, sẹ́lótéèpù, ó tán. Ẹ dá ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ẹ wá lẹ bíléèdì méjèèjì mọ́ ọn kí ẹnu wọn kọjú síra, kí ihò yẹn dùbúlẹ̀ gbalaja, tín-ín-rín báyìí. Ẹ dákun ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e! Ẹnì kan fi fótò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, eku á ráyè gbabẹ̀ kọjá. Bíléèdì ni, ẹnu ẹ̀ ló tọ́ gún régé.

Ẹ ki sídì bọ ọ̀dọ̀ kejì, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lu ibi tójú máa gbà wò ó lókè ẹ̀. Àwọn ìlà wínníwínní ara sídì ló ń tú àwọ̀ ká, 1.6 micron ló wà láàrin wọn (micron kan, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni).

Ó yá, ẹ wá gílóòbù énájì sévà tó lọ́ yẹn, kì í ṣe LED o, Ọjà Jagun ni mo ti rí tèmi. Ẹ tàn án, ẹ kọjú ihò tín-ín-rín yẹn sí i, kẹ́ ẹ yọjú wo sídì látòkè. Ẹ ò rí ìlà èsè àlùkò yẹn? Mẹ́kúrì tó wà nínú gílóòbù nìyẹn, ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ gùn tó 436 nanometer. Ẹ má fi wo oòrùn o!

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó padà sílé áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára ẹ̀, ló ń tàn yẹn. Rárá jàre, nínú gílóòbù, ṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kàn ń gbá átọ́ọ̀mù tí átọ́ọ̀mù fi ń tanná. Inú plásímà tútù lẹ ti máa rí ìpadàpọ̀ gidi, kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù padà sára áyọ́ọ̀nù, irú plásímà tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí NIST l'Amẹ́ríkà ní 1999, wọ́n fi lésà mú gáàsì xenon tutù nini, wọ́n tún wá fi lésà yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ara ẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù nìkan kì í sábà rí ara wọn mú, àfi kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn ṣe alárinà, kó gbé agbára tó ṣẹ́kù sá lọ. Bí plásímà bá sì ṣe tutù tó ni ìpadàpọ̀ yẹn ṣe máa ń yá tó, ẹ dín tẹ́ńpírétọ̀ ẹ̀ kù sí ìdajì, á fi bí ìlọ́po 22 yá sí i! Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn, òkè téńté átọ́ọ̀mù ló máa kọ́kọ́ jókòó sí, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn, bó ṣe ń fò sọ̀ kalẹ̀ lá máa tanná, ìfò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ti já bọ́.

Ẹ fi fóònù ya tiyín wá. Tẹ́ ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo máa mọ̀.