Ìdótì Malta, 1565: Ibo Ni Ọkọ̀ Ogun Yóò Sá Sí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ìlú yìí ní bí ogun ṣe ń dó ti ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìlọrin dó tì wá, Ìbàdàn wá gbèjà, wọ́n sì já wọ ibùdó ọ̀tá lóru. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1565, ọkọ̀ ogun Súlútánì Suleiman, ọba àwọn Tọ́kì, yọ sí Malta, erékùṣù kékeré kan ní gúúsù Sicily. Àwọn Ajagun Jòhánù Mímọ́, ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn Kristi, ló ń ṣàkóso ibẹ̀, àwọn kan náà tí Suleiman lé kúrò ní erékùṣù Rhodes lẹ́yìn ìdótì ọdún 1522. Jean de Valette ni olórí wọn. Marsaxlokk ni àwọn Tọ́kì gúnlẹ̀ sí. Valette kò kó gbogbo ogun rẹ̀ lọ pàdé wọn létí òkun. Ó kó àwọn ará oko wọ inú odi, ó ní kí wọ́n kó irè oko wálé, kí wọ́n sì ba omi kànga Marsa jẹ́.

Gígúnlẹ̀ kò ṣòro, ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣòro. Ọ̀gá méjì ni Tọ́kì ní: Mustafa Pasha ló ni ọmọ ogun orí ilẹ̀, Piali Pasha ló ni ọkọ̀. Ìtàn sọ pé Mustafa fẹ́ kọ́kọ́ gba Mdina, ìlú àtijọ́ àárín erékùṣù, tí odi rẹ̀ kò lágbára. Piali kọ̀: ẹ̀fúùfù lè fọ́ ọkọ̀ òun, èbúté Marsamxett ni òun fẹ́. Odi St Elmo ló sì ń ṣọ́ ẹnu èbúté yẹn. Ni wọ́n bá kó àgbá kọjú sí odi kékeré yìí. Wọ́n rò pé ọjọ́ mélòó kan ni; ó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà kó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun wọn ló kú síbẹ̀, àti Turgut Reis, àgbà atukọ̀ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù.

Mdina ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, nígbà tí Tọ́kì ti kọjú sí ìlú olódi àwọn Ajagun, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè wọlé tán, àwọn ẹlẹ́ṣin jáde láti Mdina, wọ́n já wọ ibùdó wọn, wọ́n ń pa, wọ́n ń sun. Òṣogbo, ẹ ò rí i bí? Mustafa rò pé ìrànlọ́wọ́ Sicily ló dé, ó ní kí wọ́n padà sẹ́yìn.

Àwọn kan á ní ìgboyà àwọn ajagun ló gba ìlú là. Mi ò jiyàn, àmọ́ àwọn ará Malta fúnra wọn ló pọ̀ jù lórí odi, ìtàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ èbúté yẹn ló ba ogun náà jẹ́ fún Tọ́kì.

Ìrànlọ́wọ́ gidi dé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án. Mellieħa ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ní àríwá. Ọkọ̀ Piali, tí wọ́n torí ẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún odindi oṣù, kò dá wọn dúró.