Etí Náà Fẹ́ Ẹ̀kọ́: Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú iṣẹ́. Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ: àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. À ń kọ́ wọn ní kíkà, à ń kọ́ wọn ní kíkọ, a sì ń fi gírámà dá wọn lágara. Ní ti gbígbọ́, ńṣe ni a gbà pé yóò wá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í wá bá.

Ìdánwò tí à ń múra wọn sílẹ̀ fún wà lára ohun tó fà á. Nínú WASSCE, ìdánwò WAEC tí wọ́n fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, ìwé kẹta ti Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn ọmọ Ghana, Sierra Leone àti Gambia máa ń tẹ́tí sí ohùn kan, wọ́n á sì dáhùn ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ tiwa ní Nàìjíríà àti àwọn ti Liberia, ìwé ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ṣètò ìdánwò á fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní ìró kan náà. Ọmọ lè gba máàkì rẹpẹtẹ níbẹ̀ láìgbọ́ ìró kankan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá jókòó ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun ń ṣe, lọ́la, nítorí yunifásítì tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba, ìbéèrè 40 ló máa bá pàdé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa gbé ohùn náà sí i létí. Kò sí pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ".

Ohun tí a sábà máa ń pè ní iṣẹ́ ìgbọ́ ní kíláàsì ni pé kí olùkọ́ ka àyọkà kan, kí ó béèrè ìbéèrè márùn-ún, kí ó máàkì rẹ̀, ó di ọ̀la. Ìdánwò nìyẹn, a ò tíì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ọmọ tó gbọ́ ti gbọ́. Èyí tí kò gbọ́ á gbé òdo rẹ̀ lọ sílé láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn létí. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá ibi tó ti bọ́ yẹn gan-an, kí a sì tún ibẹ̀ ṣe.

Ibo ló ti sábà máa ń bọ́? Nínú èdè wa, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè lẹ́nu. A kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Sílébù kan á wúwo, àwọn tó yí i ká á sì fúyẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pòórá. Ẹ mú gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kẹ́ńyà: "No human is limited." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Tí a bá kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ JSS 1 á kà á láìkọsẹ̀. Tí ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀ bá sọ ọ́, "is" á lẹ̀ mọ́ ìdí "human", méjèèjì á di ẹyọ kan bíi "humaniz", apá tó gbẹ̀yìn nínú "limited" á sì rọ. Ọmọ tó ń dúró de ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí àlàfo wà láàárín wọn á gbọ́ méjì, bóyá mẹ́ta, á wá rò pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Etí rẹ̀ ni kò tíì bá wọn pàdé.

Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, èyí tí wọ́n ń pè ní marathon, ni mo máa ń lò láti ṣe ìpàdé yẹn. Mo fẹ́ràn eré náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló mú kí n yàn án. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì máa ń sáré lẹ́nu ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá lọ. Kí ó tó gbọ́ orúkọ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù ti kúrò níbẹ̀. Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin gba wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun kan náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń tún sọ: ta ló wà níwájú, àwọn mélòó ló ṣì jọ wà pa pọ̀, kìlómítà wo ni wọ́n dé, wákàtí wo ni aago pè. Ohun tó bọ́ mọ́ ọmọ létí ní kìlómítà 10 á tún padà wá bá a ní 15, á tún wá ní 20. N kò mọ ohun mìíràn nínú ìròyìn eré ìdárayá tó ní sùúrù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá a ní Èkó. Ọ̀nà ti ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ láti National Stadium ní Sùúrùlérè, ó gba orí Third Mainland Bridge, ó sì parí sí Eko Atlantic. Ọmọ Èkó tó bá ya ọ̀nà yẹn sínú ìwé kí ó tó tẹ́tí ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹ rántí kọ̀ńdọ́ dánfó: ẹni tó mọ ojú ọ̀nà kò nílò kí ó pe "Òṣòdì" délẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ìmọ̀ tí ọmọ ti ní ló ń bá etí rẹ̀ di àlàfo.

Ọ̀rọ̀ òǹkà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àìgbọ́ ti máa ń hàn kedere jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Chicago ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí ní ìdíje tí wọ́n fọwọ́ sí títí di ọjọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "two hours, thirty-five seconds". Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi òǹkà kọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn á kọ 2:35. Wọ́n gbọ́ "two", wọ́n gbọ́ "thirty-five", wọ́n sì jẹ́ kí "seconds" kọjá lọ. Ẹ má tíì sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í. Ẹ bi wọ́n pé: ẹni tó sá a ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 35, ṣé òun ló máa gba ipò kìíní ní Chicago? Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Nígbà tí ẹ bá tún un sọ, etí wọn á ti mọ ohun tó ń wá. Ẹ wá fi 1:59:40 tí Kipchoge sá ní Vienna lọ́dún 2019 tẹ̀ lé e, èyí tí wọn kò kà mọ́ àkọsílẹ̀ ayé torí pé wọ́n ṣètò rẹ̀ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, tí àwọn asáré mìíràn ń pààrọ̀ ara wọn láti ṣíwájú rẹ̀. "One fifty-nine forty" ni ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń pè é. Wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá, kò sí ìkankan tí wọ́n dárúkọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ irú méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "thirteen" àti "thirty". Lẹ́nu Òyìnbó, ẹ̀yìn ni èkíní ti sábà máa ń wúwo, iwájú ni èkejì ti wúwo. Lẹ́nu tiwa, méjèèjì sábà máa ń dọ́gba. Nínú eré yìí, ìtumọ̀ á ran etí lọ́wọ́. Àárín kìlómítà 30 sí 35 ni agbára tí asáré ti kó sínú iṣan sábà máa ń tán, tí ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé asáré ńlá kan dákú ní kìlómítà 13 gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀yin tí kò sí iná ní ilé ẹ̀kọ́ yín, tí kò sí spíkà, ẹnu yín tó. Mo tilẹ̀ gbà pé ẹnu olùkọ́ dára ju ẹ̀rọ lọ fún ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀ ń wo ojú àwọn ọmọ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ìtàn Abebe Bikila ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọmọ Etiópíà ni, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sá eré Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960, ní ìrọ̀lẹ́ tó di alẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16 ló lò. Ní Tokyo, lọ́dún 1964, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó tún gba wúrà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́fà tàbí méje, bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ má fà á bí ẹni ń ka díkítéṣọ̀n; bí ẹ bá ti fà á, ẹ ti mú ìṣòro náà kúrò kí àwọn ọmọ tó bá a jà. Nígbà àkọ́kọ́, kí gbogbo bírò wà nílẹ̀. Nígbà kejì, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rí mú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí mú tún ìtàn náà kọ. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, ibẹ̀ ni kí ẹ fetí sí. Mo máa ń fi gbólóhùn yìí sínú rẹ̀: "He had no shoes on, and he won it in two hours, fifteen minutes and sixteen seconds." Ọ̀pọ̀ á kọ "he wanted in two hours". Ẹ wò ó dáadáa: etí wọn kò yadi rárá! "Won it in" ti lẹ̀ pọ̀ di nǹkan kan, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ tó sún mọ́ ìró náà jù lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sójú pátákó, ẹ fi ìlà so wọ́n pọ̀, kí gbogbo kíláàsì pè wọ́n pọ̀ kíákíá títí á fi yọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ wá tún gbogbo ìtàn náà sọ. Ohun tí ẹnu bá ti lè ṣe kì í pẹ́ kí etí tó dá a mọ̀.

Fún àwọn tó ti gòkè díẹ̀, ìtàn Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1908 ló dùn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá máìlì 26 àti yáàdì 385: láti ààfin Windsor dé pápá ìṣeré, kí wọ́n tó wá parí eré níwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí. Ní 1921 ni òǹkà náà wá di ti gbogbo ayé, kìlómítà 42.195. Dorando Pietri, ọmọ Ítálì, ló kọ́kọ́ wọ pápá. Ó yà sí ọ̀nà òdì, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú léraléra, àwọn aláṣẹ eré sì dì í mú dé òpin. Torí ìrànlọ́wọ́ yẹn ni wọ́n ṣe gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi fún Johnny Hayes, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì, Ayaba Alexandra fún Pietri ní ife ẹ̀yẹ. Ẹ sọ ọ́, ẹ dákẹ́ kí ẹ tó sọ ẹni tó gba ipò kìíní, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò. Ọmọ tó bá ń dúró de ìdáhùn á tẹ́tí ju ọmọ tó ń bẹ̀rù ìbéèrè lọ.

Àwọn kan á ní eré ọkùnrin lèyí. Kathrine Switzer ló máa dá wọn lóhùn. Ní Boston, lọ́dún 1967, ó so nọ́ḿbà 261 mọ́ àyà, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ eré sì sáré wọ àárín ọ̀nà láti já a kúrò lára rẹ̀. Ó sá a dé òpin. 1972 ni Boston tó gba obìnrin láyè ní gbangba, Òlíńpíìkì dúró di 1984. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi kì í fẹ́ kí ìtàn yẹn tán.

Bí ẹ bá rí fóònù lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oríṣiríṣi ẹnu: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn ọmọ Kẹ́ńyà lẹ́yìn eré, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Òyìnbó, àti ti Nàìjíríà. Etí tó mọ Gẹ̀ẹ́sì oníròyìn nìkan máa há níwájú dókítà ará Scotland.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní fara mọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ bá tẹ́tí, mo máa ń gbà kí ó fi Yorùbá dáhùn. Etí ni mo fẹ́ mọ̀. Bí mo bá ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, n kò ní mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni, tàbí ó gbọ́ tí kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù pé Yorùbá máa ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ti fi hàn pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Lẹ́yìn tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olùkọ́ tán, nígbà tí a dé orí ìbéèrè, ìyá kan tó ń kọ́ SS 2 béèrè pé kí ni kí òun ṣe sí kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tí ìṣẹ́jú 40 péré wà fún iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má lo ju ìtàn ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú kan tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a sì tú palẹ̀, sàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan wá béèrè ìgbà tó yẹ kí àwọn ọmọ rí ìtàn náà ní kíkọ sílẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì ti tún un kọ fúnra wọn. Kí wọ́n wá gbọ́ ọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó bọ́ mọ́ wọn létí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dojú ìwé dé, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.