Ta Ni Yóò Béèrè Rẹ Bí O Kò Bá Wá?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní kí n sọ: ṣé lóòótọ́ ló ń mú kí ọmọ yunifásítì rí ara rẹ̀ bí ará ilé níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́? Èsì mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ orúkọ tó kọ sílẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, tí àwọn yòókù sì ń dúró dè, ló ń ṣe é.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ná. Ó wọ gbọ̀ngàn tí èrò kún bámú, ó jókòó, ó kọ ohun tí olùkọ́ sọ, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá wá lọ́la, ẹlòmíràn yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ o; wọn ò kàn mọ̀ ọ́n ni. Ní 1975 ni Vincent Tinto, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé àlàyé kan jáde lórí ìdí tí àwọn kan fi ń fi ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ láì parí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bá àwọn ará ibẹ̀ da ìgbésí ayé pọ̀ tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó di 1995, Roy Baumeister àti Mark Leary, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé irú àjọṣe tí ọkàn ènìyàn ń wá: ènìyàn díẹ̀ tí a ń rí lemọ́lemọ́, tí ọ̀rọ̀ wa sì ká lára fún ìgbà pípẹ́. Èrò púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn kò lè dípò ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní 2018, Jeffrey Hall ti Yunifásítì Kansas tẹ ìwádìí kan jáde lórí iye wákàtí tí a ń lò pọ̀ kí a tó di ọ̀rẹ́. Ó tó nǹkan bí wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, ó sì lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé wákàtí méjì lọ́sẹ̀ yóò lo ọ̀sẹ̀ 25 kó tó dé 50. Ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé tó ń fi wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ múra eré yóò débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tójú ń tì, tí kò lè gun orí ìtàgé, ni wọ́n ń fi sídìí iná. Bí kò bá tan iná lásìkò, inú òkùnkùn ni òṣèré yóò ti máa sọ̀rọ̀. Kó pẹ́ díẹ̀ báyìí, fóònù rẹ̀ á ti máa dún: “Níbo lo wà? Ìwọ là ń retí!” Ohùn ìkanra ni, àmọ́ ó ti yé e pé àyè òun wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tí ara wọn yọ̀ mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ ló ń tètè wọ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká kó gbogbo ìyìn fún ẹgbẹ́. Gregory Walton àti Geoffrey Cohen, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà jáde ní 2011, tí kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú. Wọ́n kàn jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní mọ̀, láàárín nǹkan bí wákàtí kan, pé àwọn tó ṣáájú wọn náà ti rò pé ibẹ̀ kò gba àwọn, pé ó sì kọjá lọ. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó gbọ́ ọ lọ sókè títí di ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ wọn. Lójú tèmi, ohun kan náà ni ọmọ ọdún kẹta ń ṣe nígbà tó bá ń ká wáyà lẹ́yìn eré, tó sọ fún ọmọ tuntun pé, “Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ lọ́dún àkọ́kọ́.”

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń lé ènìyàn, kí a má tan ara wa. Owó ìwọlé tó ga, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ tuntun, àwọn márùn-ún tó di gbogbo ipò mú. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ méje lórí WhatsApp náà ńkọ́? Kò sí èyí tó ń wá a nínú wọn. Mú ẹyọ kan, kí o sì bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí oṣù kan tó pé, ìbáà jẹ́ títo àga.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, tiyín kù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ẹni tó ń tọ́mọ, ẹni tílé rẹ̀ jìn, kò lè wá sí ìpàdé aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ gbé ọ̀kan nínú ìpàdé yín sí ọ̀sán, kí ẹ sì ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá wá lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.