Òǹtẹ̀ Tó Sán: Bí A Ṣe Ń Dá Àbùkù Ilé Ìtẹ̀wó Mọ̀ Lára Owó Onírin Àtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ẹ bá rí ìlà kan lára owó onírin àtijọ́, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa wò ni bóyá ìlà náà yọ tàbí ó jìn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ilé ìtẹ̀wó ni àbùkù náà ti wá, àbí ọwọ́ àwọn tó ná owó náà ló ti jìyà.

Irin líle ni òǹtẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì gbẹ́ gbogbo ohun tó máa yọ lára owó sí. Wọ́n á fi pẹlẹbẹ irin sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára. Bí òǹtẹ̀ bá ti sán, irin owó á ya wọ ojú ibi tó sán náà, á wá yọ lára owó bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́. Òǹtẹ̀ tó sán kì í dá kòtò sára owó. Ohun tí ọ̀bẹ tàbí ìṣó bá họ ló máa ń jìn, irin tó sún kúrò nínú rẹ̀ á sì gbá jọ sí etí méjèèjì bí ebè. Irú èyí ni àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń pè ní òǹtẹ̀ tó sán, tí wọ́n á sì fowó lé e.

Iná kan ṣoṣo ni kí ẹ tàn, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì rẹlẹ̀. Ẹ di owó náà mú ní etí, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yọ á tàn níhà tó kọjú sí iná, òjìji rẹ̀ á wà lódìkejì. Ti ohun tó jìn yàtọ̀: ihà tó jìnnà sí iná ló máa tàn. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 5 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po 10 wà fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ẹ má ṣe fọ owó náà.

Etí lẹ́tà, ẹnu ìràwọ̀ àti ìtòsí etí owó ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibi tó bá ní igun ni agbára ìlù ń kó jọ sí. Òǹtẹ̀ tí wọ́n rì bọ omi kó le, tí wọn kò tún yá lórí iná dáadáa lẹ́yìn náà, á gan, á sì tètè sán. Láti lẹ́tà kan, ìlà náà á lọ bá òmíràn, á gun ojú àwòrán kọjá. Ìlà tí dídán òǹtẹ̀ fi sílẹ̀ náà máa ń yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lẹ́tà ló ti máa ń dúró, torí òkúta ìdán kì í dé inú ibi tí wọ́n gbẹ́.

Dọ́là Morgan, owó onírin fàdákà Amẹ́ríkà, ti ọdún 1888 tó ní lẹ́tà O lẹ́yìn, ìyẹn àmì ilé ìtẹ̀wó New Orleans, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀: lára àwọn kan nínú wọn, ìlà gbọọrọ kan la ojú obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náà já. Scarface, ìyẹn ojú tó ní àpá, ni àwọn olùkówójọ ń pè é.

Bí sísán bá ti etí dé etí, ègé òǹtẹ̀ lè já bọ́ pátápátá. Odindi òkìtì irin tí kò ní lẹ́tà kankan ni ẹ ó rí létí owó. Ẹ yí i padà: ibi tó bá a mu gan-an lẹ́yìn sábà máa ń ṣe bàìbàì, torí irin ti sá lọ kún ihò. Bí ibẹ̀ bá mú kedere, ẹ fura.

Sẹ́ǹtì Lincoln, owó onírin sẹ́ǹtì kan ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1955 tí ọdún àti lẹ́tà rẹ̀ di méjì méjì kì í ṣe ọ̀ràn sísán. Wọ́n tẹ àwòrán sára òǹtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu. Lẹ́tà irú èyí máa ń fẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé òǹtẹ̀ ta padà lẹ́yìn ìlù ni, lẹ́tà á tín-ín-rín, àkàsọ̀ pẹlẹbẹ kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí kò fi nǹkan kan kún iye owó.

Owó Róòmù àtijọ́ tí etí rẹ̀ ya, tí ẹ lè rí ibi tó ya náà lójú àti lẹ́yìn, pẹlẹbẹ rẹ̀ ló ya nígbà tí wọ́n fi òòlù lù ú, òǹtẹ̀ kò mọ̀wọ́mẹsẹ̀. Níckẹ̀lì Amẹ́ríkà (owó onírin sẹ́ǹtì márùn-ún) ìgbà ogun, 1942 sí 1945, tó ní bàbà 56, fàdákà 35 àti manganese 9 nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, torí àwọn irin náà kò pò pọ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá ní owó mélòó kan tí òǹtẹ̀ kan náà tẹ̀, ẹ tò wọ́n bí ìlà sísán ṣe gùn sí. Èyí tó kúrú jù ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.