Ẹ Má Jà Lọ́nà: Àdúrà Òwúrọ̀ Fún Ẹni Tó Ń Lọ Bá Ẹbí

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo ti jí nílé yìí, àwọn ọmọ ṣì ń hanrun, kúlà ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn báàgì ti wà nínú bùùtù, mo ní kí n yára kọ èyí kí ilẹ̀ tó mọ́. Òní la ń wa mọ́tò kúrò ní Chicago lọ sí Iowa, sí oko àwọn ẹbí ọkọ mi. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń péjọ nínú ooru oṣù Keje yìí, ọmọ, ọmọ-ọmọ, àwa ìyàwó ilé, gbogbo wa. Wọ́n á gbé tirakítọ̀ jáde kúrò nínú ṣẹ́ẹ̀dì ńlá, wọ́n á to tábìlì síbẹ̀, oníkálukú á gbé oúnjẹ tiẹ̀ wá, àwọn bàbá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa sọ̀rọ̀ òjò àti iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà.

Mo mọ̀ pé Sáàmù 121 lẹ ti ń retí, òun la máa ń kà tá a bá fẹ́ gbọ̀nà. Mo ti ka tèmi, ẹ ka tiyín náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi dúró sí láàárọ̀ yìí ni Jẹ́nẹ́sísì orí 45, níbi tí Jósẹ́fù ti ń rán àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó tà á lẹ́rú padà lọ mú bàbá wọn wá sí Íjíbítì. Ẹ wo bó ṣe múra ìrìnàjò yẹn fún wọn. Fáráò ní kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ nítorí àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ kéékèèké. Aṣọ ìpààrọ̀ wà fún oníkálukú, Bẹ́ńjámínì nìkan gba márùn-ún pẹ̀lú 300 owó fàdákà (ẹ̀yin àbíkẹ́yìn ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín). Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́wàá ru ohun rere Íjíbítì, abo mẹ́wàá tún ru ọkà àti búrẹ́dì àti oúnjẹ tí bàbá máa jẹ bọ̀. Fáráò tiẹ̀ ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú lórí ẹrù tó wà nílé, ó wù mí kẹ́nì kan sọ irú ẹ̀ fún èmi náà, ọjọ́ méjì péré la fẹ́ lò, bàtà mẹ́rin ni mo dì. Gbogbo ètò wá parí, wọ́n fẹ́ dìde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Jósẹ́fù fi sìn wọ́n sọ́nà, ẹsẹ 24, ni pé kí wọ́n má jà lọ́nà.

Kò ní kí wọ́n ṣọ́ra fún olè. Kò dárúkọ ẹranko búburú, bẹ́ẹ̀ ẹranko búburú ni wọ́n parọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ lọ fún bàbá wọn. Ara wọn gan-an ló ń bẹ̀rù fún wọn.

Torí ó mọ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n tà á, ó pé ọmọ 30 kó tó dúró níwájú Fáráò, ọdún méje tí oúnjẹ pọ̀ ti kọjá, ìyàn ti mú fún ọdún méjì, ẹ ṣírò ẹ̀, ó tó bí ọdún 22 tí wọ́n ti ń gbé àṣírí yẹn kiri. Wọ́n wá fẹ́ lọ sọ fún bàbá wọn báyìí pé ọmọ tí ẹ̀ ń sunkún ẹ̀ ò kú o, ó wà láàyè. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí bàbá ò ní bi wọ́n pé ẹ̀jẹ̀ kí ló wà lára ẹ̀wù ọjọ́sí? Ẹ kó àgbàlagbà mọ́kànlá sójú ọ̀nà kan pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí kẹ́ ẹ sì retí pé wọ́n máa dákẹ́, ah! Rúbẹ́nì ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti orí 42, ṣebí mo kìlọ̀ fún yín, ẹ ò gbọ́. Júdà ló sì dábàá pé kí wọ́n tà á. Ó ku kẹ́nì kan tọ́ka sí ẹnì kejì ni, ìyókù di ariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí bá èmi fúnra mi wí. Lésìí, lójú ọ̀nà kan náà yìí, a ò tíì dé odò Mississippi tí mo fi dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ọkọ mi ti dàgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń dá oko, àwọn tó kù ti ṣí lọ sí ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló máa nípìn-ín níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ roko fẹ́ kí rẹ́ǹtì ilẹ̀ rọjú, àwọn ará ìlú ńlá ń wo iye tí aládùúgbò ń san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan, ilẹ̀ Iowa wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń gbóná. Ni mo bá ní ẹ̀gbọ́n ń fi ọgbọ́n rẹ́ wọn jẹ. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀. Mo ní òun ni ò lẹ́nu. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, a kọjá gbogbo tóògéètì ọ̀nà ńlá I-88 láì dákẹ́, a rò pé àwọn ọmọ ti ki nǹkan bọ etí wọn lẹ́yìn níbẹ̀.

Wọn ò ki nǹkan kan bọ etí.

A dé, a jókòó sóúnjẹ, èyí àbúrò, ọmọ ọdún méje, kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ó bi í pé ṣé lóòótọ́ lẹ̀ ń rẹ́ Daddy jẹ, Mummy ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì pa lọ́lọ́, mò ń gbọ́ eṣinṣin lórí kéèkì. Ìyá ọkọ mi, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dìde ó bu ọ̀dùnkún síwájú ọmọ náà pé kó jẹun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò bá wa jà o, ìyẹn ló dùn mí jù, ó kàn ti àga ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ lọ wo màlúù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ló gbà á lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti fóònù bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n òní la máa kọ́kọ́ fojú kan ara wa látìgbà náà, ẹ ò rí i pé mo ní ìdí tí mo fi jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀.

Ohun tó tù mí nínú ni orí 46 ẹsẹ 28. Nígbà tí Jékọ́bù àti ìdílé ẹ̀, èèyàn 70, ń bọ̀, ta ló rán ṣáájú láti lọ fi ọ̀nà Góṣénì hàn wọ́n? Júdà. Júdà tó ní kí wọ́n ta ọmọ yẹn, òun ló wá ń tọ́ gbogbo ẹbí sọ́nà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà. Góṣénì náà kì í ṣe ààfin o, ilẹ̀ àwọn darandaran ni, ibẹ̀ ni Jósẹ́fù ti gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin wá pàdé bàbá ẹ̀, bàbá ẹni 130 ọdún, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì sunkún pẹ́ títí. Lórí ilẹ̀ koríko níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń bínú sẹ́nì kan nínú ẹbí yín láàárọ̀ yìí, ẹ rọra o, ó lè jẹ́ òun ni Ọlọ́run máa rán ṣáájú yín.

Àdéhùn tiwa rèé: kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú mọ́tò, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá dá a sílẹ̀ á lọ jókòó sẹ́yìn sáàárín àwọn ọmọ, ẹni tó ń wakọ̀ náà ò yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ẹ bá mi fi ẹnu yín sí i.

Bàbá, a dúpẹ́ pé a rí òwúrọ̀ yìí, a ò jí sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Fi ìjánu sí wa lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tá a ti dì mọ́ inú láti ọjọ́ pípẹ́, má jẹ́ kó jáde nínú mọ́tò, bó bá sì máa jáde rárá, kó jẹ́ níwájú ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kó má ṣe láti ẹnu ọmọdé. Ohun tí àwọn ọmọ wa ti gbọ́ tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́, Olúwa, nù ún kúrò lọ́kàn wọn.

Ṣọ́ wa lórí I-88, ṣọ́ wa lórí I-80, láàárín àwọn tírélà gàgàrà yẹn. Bá a bá ń kọjá lórí afárá Mississippi, kó jẹ́ orin ló máa wà lẹ́nu wa. Nígbà tá a bá yà sí ọ̀nà olókùúta, tí eruku bo gíláàsì, Bàbá mi, là wá lójú, torí àwọn àgbà wọn máa ń ní kí àgbàdo kan orúnkún lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, ti ìsinsìnyí ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá fi máa parí oṣù ó ti ga ju èèyàn lọ, ó sì máa ń dí oríta pa débi pé o ò ní rí mọ́tò tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Fún wa ní sùúrù láti dúró wò kódà níbi tí kò sí àmì ìdúró. Fún wa ní sùúrù lẹ́yìn tirakítọ̀ tó ń rọra lọ pẹ̀lú àmì olórígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ lónítọ̀hún ń ṣe. Àgbọ̀nrín tó máa ń já lu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, dá a dúró sínú oko. Má jẹ́ ká gbàgbé ọmọ kankan sínú mọ́tò nínú ooru, tàbí ká sọ pé ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹni tó ń wakọ̀, bó bá ti ń tòògbé, jẹ́ kó lè sọ ọ́ láì tijú.

Ṣàánú bàbá ọkọ mi, fi kún ọjọ́ ẹ̀. Bùkún ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń roko yẹn, jẹ́ kí òjò rọ̀ sí àgbàdo ẹ̀ àti sọ́yà ẹ̀ bó ṣe yẹ, má jẹ́ kí yìnyín bà á jẹ́. Mò ń sọ èyí látọkàn, Olúwa, ìwọ náà mọ̀ pé lésìí mi ò lè sọ ọ́. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bàbá àwọn ọmọ ti ń tẹ fèrè, ó máa jí gbogbo àdúgbò. Ẹ bá mi yẹ táyà tiyín wò o, mò ń bọ̀.